Bàtà Onírin Lẹ́nu Ọ̀nà Ẹbu Epo

Lọ́jọ́ kan, wọ́n pe àwa tí a ní ilé iṣẹ́ ní Òdìgbò àti agbègbè rẹ̀ sí ìpàdé kan ní Orè. Oníbúrẹ́dì wà níbẹ̀, onípákó wà níbẹ̀, obìnrin tó ń ṣe omi inú ọ̀rá wà níbẹ̀. Èmi tí mo ní ẹbu epo pupa jókòó síwájú pátápátá, nítorí etí mi ọ̀tún ti fẹ̀yìn tì, ti òsì nìkan ló ṣì ń lọ síbi iṣẹ́. Ọmọbìnrin kan tó wá láti Àkúrẹ́ ló ń bá wa sọ̀rọ̀. Ó ní ohun tí òun gbé wá ni bí ẹni tó ni ilé iṣẹ́ ṣe lè ṣètò rẹ̀ kí ó gba gbogbo ènìyàn, ọkùnrin, obìnrin, onílé, àjòjì, ẹni tí ara rẹ̀ pé àti ẹni tí ara rẹ̀ kò pé. Ó ní kí á fẹ ẹnu ọ̀nà, kí á sọ àtẹ̀gùn di ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí á má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ gún ẹlòmíràn lára.

Mo nawọ́. Mo ní, "Ọmọ mi, mo ti ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ẹbu mi fẹ̀ débi pé erin méjì lè gbà á wọlé lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n sì máa bá ara wọn tàkúrọ̀sọ lọ. Mo fi sìmẹ́ńtì ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ síbẹ̀. Ẹni tó bá fi ẹnìkejì ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́dọ̀ mi, èmi ni mo máa fi òun náà ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo torí rẹ̀ ṣe ọ̀nà yẹn kò lè wọlé. Kí ni kí n ṣe?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé mo tún ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyà tó ń jẹ ẹni tó máa ń parọ́ fún ìgbádùn ni pé lọ́jọ́ tó bá sọ òótọ́, wọn á ní kó máa bá a lọ kí àwọn rí ẹ̀rín rín. Ọmọbìnrin náà ní òun máa padà sórí ìbéèrè bàbá. Oúnjẹ dé, kò padà síbẹ̀ mọ́. Mo wá ní kí n kọ ọ́ síbí, bí agbára mi bá ṣe mọ. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Èmi àti olùkọ́ wa jọ fohùn ṣọ̀kan pé ẹnì kan nínú àwa méjèèjì gbọ́dọ̀ kúrò nílé ìwé yẹn, òun ló sì mú pàṣán lọ́wọ́.

Ẹbu mi wà lójú ọ̀nà oko, kété tí ènìyàn bá ti jáde ní Òdìgbò. Àwọn obìnrin á já ẹyìn kúrò lára ìdì rẹ̀ lábẹ́ ìbòòji, wọ́n á sè é nínú dírọ́ọ̀mù, ẹ́ńjìnnì á lọ̀ ọ́, a ó wá dà á sínú ẹ̀rọ ìfúnpo. Ẹ̀rọ náà ní ọwọ́ irin gígùn kan lókè, òun ni ènìyàn máa ń dì mú tí á máa tì yípo, tí epo á fi máa ṣàn jáde nísàlẹ̀. Ẹni tó bá máa tì í gbọ́dọ̀ dúró, ó sì gbọ́dọ̀ lápá.

Ọkùnrin kan ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn fún wa, ẹni tó ti lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún. Ilẹ̀ Ìgbìrà ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, wọ́n ń bá olóko dá kòkó ní Àgọ́ Aláyè. Inú oko yẹn ni wọ́n bí i sí, tó fi jẹ́ pé ó gbọ́ èdè Ìkálẹ̀ wa ju àwọn ọmọ tèmi lọ. Àrùn rọparọsẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ rẹ̀ kan láti kékeré. Bàtà aláwọ gíga kan, tí wọ́n fi irin méjì gbé ró dé itan, ló fi ń dìde dúró. Bó bá bọ́ ọ, ilẹ̀ ló ń jókòó sí.

Ṣùgbọ́n apá rẹ̀! Mo ti rí i tó ti ẹ̀rọ yẹn títí ẹ̀rọ fi bẹ̀bẹ̀. Nígbà kan, a jọ lọ ra ẹyìn ní Agbábù, níbi tí ọ̀dà dúdú ti ń yọ jáde fúnra rẹ̀ láti inú ilẹ̀, tí ìjọba ti ń sọ pé àwọn máa wà á láti ìgbà tí irun orí mi ti dúdú ju ọ̀dà náà lọ. Oòrùn ti yọ́ ọ̀dà, bàtà onírin bá rì sínú rẹ̀. Ó fà á, ọ̀dà kò jù ú sílẹ̀. Ó tún fà á. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹ má gbà mí gbọ́, nígbà tí ẹsẹ̀ yẹn máa jáde, ọ̀dà ń tẹ̀ lé e bọ̀, ilé tó wà lórí ọ̀dà ń tẹ̀ lé ọ̀dà, ìyá arúgbó kan yọjú lójú fèrèsé ilé náà, ó ní, "Ọmọ mi, ibo lò ń gbé wa lọ?"

Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń ní kí n sọ ìtàn yẹn bí àlejò bá dé. Á ní, "Bàbá, ẹ ò tíì sọ ti ajá tó ń sùn lẹ́yìnkùlé." Ọkọ gbogbo wa ni àwọn obìnrin ń pè é. Kálukú wọn á bu oúnjẹ tirẹ̀ fún un, wọ́n á sì bá a jà bí kò bá jẹ ẹ́ tán. Ó sọ fún mi nígbà kan pé ẹbu yẹn nìkan ni ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti bi òun rí pé kí ló ṣe ẹsẹ̀ òun.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ẹni tó ń tún un ṣe á wá, ẹ́ńjìnnì á ṣiṣẹ́ títí ọkùnrin náà á fi délé, á tún kú. Omi gbígbóná ta sí obìnrin kan lápá. Ejò jáde láti inú òkìtì ẹyìn. Aládùúrà ló pọ̀ jù nínú ẹbu, ìjọ aláṣọ funfun kan náà ni a ń lọ. Èmi ni mo máa ń sùn jù níbi ìṣọ́ òru, ṣùgbọ́n mo máa ń sùn pẹ̀lú ìgbàgbọ́. Mùsùlùmí ni ọkùnrin afúnpo ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ń gbàdúrà láàárọ̀, àmín rẹ̀ máa ń ròkè ju tèmi lọ. Olórí àwọn obìnrin, ẹni bí ogójì ọdún tí ohùn rẹ̀ lè pa iná, ní kí á pe woòlíì wá. Mo ní kò burú.

Ẹ́ńjìnnì nìkan ni a pe woòlíì sí. Ó gbé omi, àbẹ́là àti agogo kékeré wá. Ó gbàdúrà tán, ó ń palẹ̀ mọ́, ni obìnrin kan bá gbé ohùn sókè lábẹ́ ìbòòji.

"Woòlíì, ṣé àwa tí à ń já ẹyìn ò sí lára ilé iṣẹ́ ni? Àbí ẹ́ńjìnnì ni ejò fẹ́ bù jẹ?"

Èyí tó ń dáná ní iná òun náà fẹ́ àdúrà. Èyí tó ń gbé ẹyìn wọlé ní ẹnu ọ̀nà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi létí. Kí á má yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ṣé ó burú? Mo ní, "Woòlíì, ẹ gba gbogbo rẹ̀ yípo." Ó bá bọ́ sí eteetí ọgbà, ó ń wọ́n omi, ó ń lu agogo, gbogbo wa ń kọrin tẹ̀ lé e títí ó fi padà dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní gbogbo ohun tí òun yí po yìí, ilẹ̀ mímọ́ ni. Kí á tó ṣe àmín tán, àwọn ènìyàn ti ń bọ́ bàtà.

Ẹni tó bá mọ̀ wá á mọ ìdí rẹ̀. Aláṣọ funfun kì í wọ bàtà lórí ilẹ̀ mímọ́. Obìnrin tó bá wà ní àkókò nǹkan oṣù rẹ̀ kì í sì í wọ ibẹ̀ títí àkókò náà á fi kọjá. Ẹnikẹ́ni kò pàṣẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, sílípáàsì ti kún ẹnu ọ̀nà bẹẹrẹ. Ẹ́ńjìnnì náà sì ń ṣiṣẹ́, kò kú mọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti burú nìyẹn. Àdúrà gbà.

Ọkùnrin afúnpo kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a yí ọgbà po. Ara ìyá rẹ̀ kò yá, ó ti lọ sí Àgọ́ Aláyè. A ń kọrin pé gbogbo wa pé, kò sì sí ẹni tó wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan kù.

Ó dé ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé kan. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó ń gun ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bọ̀, irin ń dún. Olórí àwọn obìnrin sáré pàdé rẹ̀, ó dì mọ́ ọn, ó bi í léèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá wolẹ̀.

"Ọkọ mi, woòlíì ti ya ibí sí mímọ́ o. A kì í wọ bàtà wọlé mọ́."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹ jẹ́ n lọ fún epo jàre. Tó bá dọ̀sán, ẹ máa wá fi mí ṣeré."

"Mi ò ṣeré."

Ó wo òkìtì sílípáàsì. Ó wo ẹsẹ̀ àwọn obìnrin. Ó wá wò mí. "Bàbá?"

Mo ní, "Ta ló sọ pé bàtà ni? Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìyẹn."

"Bàbá, ẹ dákun, ó ní okùn," olórí àwọn obìnrin ní.

"Ẹsẹ̀ tèmi náà ní iṣan. Kí ni iṣan bí kò ṣe okùn?" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mo rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, mo bá fi kún un. Mo ní dókítà kan ló fi ojú ara rẹ̀ rí i, pé irin yẹn ti ta gbòǹgbò wọ inú itan rẹ̀, pé bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, ó máa ń yọ ewé. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ọkùnrin náà gba àárín ẹ̀rín yẹn kọjá, ó lọ dúró ti ẹ̀rọ rẹ̀, ó di ọwọ́ irin mú. Inú mi dùn. Mo rò pé ẹnu mi ti ṣe é.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì já. Ó dún gbàù, ó gba ẹ̀gbẹ́ etí obìnrin kan kọjá, kò bà á. Bẹ́líìtì yẹn ti gbó, díẹ̀ ló kù kó jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Mo sọ bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wo bàtà ọkùnrin afúnpo, wọ́n sì yára wo ibòmíràn. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ irin sílẹ̀ tó jáde.

Mo ní kí wọ́n rán àpò aṣọ funfun bo bàtà náà, irú aṣọ tí a fi ń rán ẹ̀wù ìjọ gan-an. Olórí àwọn obìnrin yẹ̀ ẹ́ wò, ó dá a padà fún mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Bàbá, bí ẹ bá wọ ẹ̀wù fún ewúrẹ́, ṣé kò ní ké mọ́ ni?" Mo ní kí á wú ẹ̀rọ ìfúnpo, kí á gbé e síta ọgbà. Ojú ọ̀nà ló wà ní iwájú, kòkó olókòkó ló wà ní ẹ̀yìn àti ní ẹ̀gbẹ́. Olóko náà ní òun ń kí mi, ṣùgbọ́n kí n má dán an wò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ mìíràn, ọkùnrin náà jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó tú okùn, ó yọ irin, ó to bàtà náà sáàárín àwọn sílípáàsì bíi ti gbogbo ènìyàn. Ó wá ń fi ọwọ́ àti ìdí wọ́ lórí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí mo ṣe fún un kí ó lè máa rìn wọlé. Ẹrẹ̀ epo kún inú ẹbu. Àwọn obìnrin dìde. Ọ̀kan fẹ́ gbé e, ó ní kó fi òun sílẹ̀. Nígbà tó dé ìdí ẹ̀rọ, ọwọ́ irin wà lókè orí rẹ̀. A gbé àpótí wá, ó gun orí rẹ̀, ó nàgà, ó fi gbogbo apá yẹn tì í. Ẹ̀rọ kò yí, àpótí ló yí. Ó ṣubú sínú òkìtì pàǹtí ẹyìn. Olórí àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún. Ọkùnrin náà nu ojú rẹ̀, ó ní, "Ẹ má sunkún, Àǹtí. Èmi ni mò ń fún un tẹ́lẹ̀. Lónìí, òun ló fún mi."

Ta ni kí n bínú sí? Ẹni tó ń sunkún jù ni ẹni tí kò gbà kó wọ bàtà.

Mo pe woòlíì lórí fóònù. Wọ́n ti gbé e lọ sí ìjọ mìíràn ní ọ̀nà jíjìn. Mo ṣàlàyé.

"Bàbá, èmi ò sọ pé kí wọ́n bọ́ bàtà."

"Ṣùgbọ́n ẹ ní ilẹ̀ mímọ́ ni."

"Ilẹ̀ mímọ́ ni, sà."

"Ṣé ẹ ò lè yọ ìdí ẹ̀rọ nìkan kúrò níbẹ̀? Kò ju ìwọ̀n ẹní kékeré lọ. Ibi tí ẹnì kan lè dúró sí."

"Bàbá, ṣé kí n wá sọ fún Ọlọ́run pé kó sún díẹ̀ ni?" Ó wá fi sùúrù sọ fún mi pé èmi tí mo ni ilé iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni. Ó ní òun máa fi wá sínú àdúrà. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó má yí ohunkóhun po fún mi mọ́.

Mo bá pe gbogbo wọn jọ. Mo ní èmi ni mo ni ẹbu, láti òní lọ, bàtà onírin á máa wọlé, ọ̀rọ̀ parí. Mo tilẹ̀ fi ọ̀pá mi gbá ilẹ̀. Olórí àwọn obìnrin kúnlẹ̀. "A gbọ́, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ ni ín." Ó dìde, ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó lọ jókòó sábẹ́ igi ní òdìkejì ọ̀nà. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí ìjà, kò sí èébú. Èyí tó jáde kẹ́yìn bẹ̀ mí pé, "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ̀rù ló ń bà wá. A lọ́mọ." Ó ku èmi àti ọkùnrin náà nínú ẹbu, èmi tí n kò lè gbé ìdì ẹyìn kan, òun tí kò rí ẹyìn tí yóò fún. Èyí tí a ti sè tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kan.

"Bàbá," ó ní, "ẹ pè wọ́n padà."

Mo pè wọ́n padà.

Mo máa ń rò ó pé bóyá kí n ti dúró de ẹni tó rìnrìn àjò kí n tó jẹ́ kí woòlíì gba ọgbà yípo. Bí ẹ bá ní ilé iṣẹ́, ẹ gbìyànjú ìyẹn wò, kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní tàn yín. Ká ní ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, àmín tirẹ̀ ni ì bá ròkè jù.

Wọ́n wá fún un níṣẹ́ síta, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, kó máa já ẹyìn. Àkókò olórí àwọn obìnrin fúnra rẹ̀ dé lọ́sẹ̀ yẹn, òun náà jáde síta, ó jókòó tì í, apẹ̀rẹ̀ ẹyìn kan ló wà láàárín wọn. Mo jókòó nítòsí, etí mi òsì wà lọ́dọ̀ wọn.

"Ṣé o rí i," obìnrin náà ní, "èmi náà wà níta. Ṣé mo kú ni? Sùúrù ni, ọkọ mi."

"Àǹtí, tiyín á parí lọ́jọ́ mélòó kan sí i. Ọjọ́ wo ni tèmi máa parí?"

Obìnrin náà mú ìdì ẹyìn mìíràn. Ó já a tán. Ó tún mú òmíràn.

Ọkùnrin náà ṣe iṣẹ́ yẹn fún ìgbà díẹ̀, apá tó ń ti irin yípo ń ṣa ẹyìn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kan, ó ní kí n jẹ́ kí òun máa lọ. Ó ní ẹnì kan tó ń la pákó ní Orè ń wá ẹni tó lápá.

Mo ní, "Ṣé wọ́n ń wọ bàtà lọ́dọ̀ tiwọn?"

"Bàbá, wọ́n ní ẹni tí kò bá wọ bàtà kò gbọdọ̀ wọlé."

"Ṣé wọ́n ti gbà ọ́?"

"Wọ́n ní kí n wá, kí àwọn wò mí ná."

Mo fẹ́ pa á lẹ́rìn-ín. Mo wá irọ́ kan, kékeré tàbí ńlá, n kò rí i.

Ọ̀kadà dé. Gbogbo àwọn obìnrin ló jáde wá láìwọ bàtà, wọ́n kó gààrí, wọ́n kó ẹja gbígbẹ, wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì epo. Olórí wọn ló so kẹ́ẹ̀gì náà mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, ó ń mì í wò bóyá ó dì dáadáa, ó sì ń kìlọ̀ fún ọlọ́kadà pé ẹni tó gbé yẹn kì í ṣe ẹrù o, kó rọra.

"Máa wá kí wa," ó ní.

"Níbo, Àǹtí?"

"Níbí náà. Ìwọ ṣáà pariwo. A máa jáde wá bá ọ."

Tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ fún mi lórí ọ̀kadà, ìyẹn ni pé ó tẹ orí ba, nítorí irin kò jẹ́ kó tẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n gbéra. Àwọn obìnrin nu ojú, wọ́n wọlé. Mo dúró síta, bàtà mi wà lẹ́sẹ̀ mi, mo ń wo eruku ọ̀nà Orè títí ẹnì kan fi pè láti inú ẹbu.

"Bàbá! Ẹyìn ti jinná o! Ta ni yóò ti irin?"

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo bọ́ bàtà, mo wọlé.